Iṣẹ́ àgbẹ̀ alápapọ̀ ọ̀gbìn àti ọ̀sìn ní Gúúsù Kwara

Iṣẹ́ àgbẹ̀ alápapọ̀ ọ̀gbìn àti ọ̀sìn ni kí àgbẹ̀ máa gbin nǹkan, kó sì máa sin ẹran, kí ohun tó ṣẹ́kù lóko di oúnjẹ ẹran, kí ìgbẹ́ ẹran náà sì padà di ajílẹ̀ oko. Ní Gúúsù Kwara, láàárín àwọn Ìgbómìnà, àwọn Ìbọ̀lọ́ àti àwọn Èkìtì tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sin ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ sílé bí wọ́n ti ń lọ sóko. Láti bí ọdún 1990 ni èrò kan ti ń gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀, pé àgbẹ̀ alárojẹ nílẹ̀ Áfíríkà lè máa kórè púpọ̀ sí i lórí ilẹ̀ kan náà, láìṣán igbó tuntun, láìba ilẹ̀ jẹ́. Àpapọ̀ ọ̀gbìn àti ọ̀sìn wà lára ohun tí èrò náà gbára lé. Ìròyìn tí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú London, gbé jáde lọ́dún 2009 wà lára ohun tó jẹ́ kó tàn kálẹ̀.

Ilẹ̀ àti òjò

Agbègbè yìí wà níbi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òjò máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, á dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á sì tún rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá. Iṣu, ẹ̀gẹ́ tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ni ọ̀gbìn tó wọ́pọ̀. A mọ Ọ̀fà àti àyíká rẹ̀ mọ́ ànàmọ́.

Láyé àtijọ́, iṣu ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀ tuntun. Àgbàdo àti àwọn ohun mìíràn á tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ á sì gba ìyókù, nítorí pé ó máa ń fara da ilẹ̀ tó ti rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó sinmi. Ìsinmi yẹn ti kúrú gan-an báyìí: ènìyàn ti pọ̀ sí i, ilé ti ń gba oko etílé, wọ́n sì ń ta ilẹ̀. Ajílẹ̀ inú àpò bíi NPK 15-15-15 lè dá èròjà padà sínú ilẹ̀, àmọ́ kì í dá ewé jíjẹrà tó ń di omi mú padà. Lọ́dún 2006, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Abuja, wọ́n sì pinnu pé èròjà ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń lò yóò di kílò 50 lórí hẹ́kítà kan kó tó di ọdún 2015. Púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà kò débẹ̀.

Èèpo ẹ̀gẹ́, ewé àti ìgbẹ́

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàárì ni àpapọ̀ yìí ti hàn jù. Bí àwọn obìnrin bá ti bẹ ẹ̀gẹ́ tán, òkìtì èèpo ló máa ń kù lẹ́yìn ilé. Èèpo náà á máa jẹrà níbẹ̀, á máa rùn, tàbí kí wọ́n dáná sun ún. Ẹran fẹ́ràn èèpo náà, ṣùgbọ́n májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù pọ̀ lára èèpo ju inú rẹ̀ lọ, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n sá a kí wọ́n tó fún ẹran. Lórí àpáta tàbí etí títì ni wọ́n máa ń sá a sí. Lẹ́ẹ̀rùn, kò ṣòro. Lásìkò òjò, tí ẹ̀gẹ́ ṣì ń wá sílé, èèpo náà á bu kó tó gbẹ, èyí tó bu kò sì dára fún ẹran.

Àwọn onímọ̀ ILRI, iléeṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, àti ti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ní Ìbàdàn wá ọ̀nà tó yá sí i. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lọ èèpo náà, wọ́n á fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á fi asẹ́ jọ ọ́, wọ́n á sì sá a tàbí kí wọ́n yan án. Ọjọ́ kan ti tó fún gbogbo rẹ̀, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ló sì máa ń di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n nílò ti wà níbi ìṣegàárì tẹ́lẹ̀.

Ìtàkùn ànàmọ́, ewé ìyeyè àti ewé àgúnmáníyẹ̀ náà jẹ́ oúnjẹ ewúrẹ́. Ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ máa ń rí ọjà ní Ìlọrin nígbà tí Iléyá bá sún mọ́lé, torí àwọn tó ń bọ́ àgbò. Ẹ̀wà àti sóyà tún ń ṣe ilẹ̀ lóore lọ́nà mìíràn: kókó gbòǹgbò wọn ń fa nitrogen, èròjà tí ohun ọ̀gbìn fi ń dàgbà, láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀. Sóyà tún lè mú kí èso striga, èpò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ àgbàdo àti ọkà bàbà, hù nígbà tí kò sí ohun tó máa rọ̀ mọ́, kó sì kú.

Ní ti ìgbẹ́, ìgbẹ́ adìẹ lágbára ju ti màlúù lọ. Ó máa ń gbóná. Wọ́n ní láti kó o jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó ohun ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń pàdánù, nítorí ewúrẹ́ tó ń rìn kiri ìgboro, ojú títì ló ń yàgbẹ́ sí. Ilé ẹran tí wọ́n ń kó wọn wọ̀ lálẹ́ nìkan ló lè dá ìgbẹ́ yẹn padà sóko, ó sì lè dín ìjà aládùúgbò nítorí ẹ̀gẹ́ jíjẹ kù pẹ̀lú.

Àwọn darandaran

Àwọn Fúlàní tó ń gbé ní gáà káàkiri Kwara ló ń da màlúù, àwọn obìnrin wọn ló sì ń ṣe wàrà tí wọ́n ń tà wọ Ìlọrin. Lẹ́yìn ìkórè, màlúù lè jẹ pòròpórò àgbàdo, kó sì fi ìgbẹ́ sílẹ̀ fún olóko. Ẹ̀gẹ́ kò bá ètò yìí mu. Ó máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì máa ń ní ewé tútù nígbà tí gbogbo koríko bá ti gbẹ. Ibẹ̀ ni aáwọ̀ púpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan lọ́dún 2024.

Ohun tó ń fà á sẹ́yìn

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1980 pé àti lẹ́yìn rẹ̀, IITA gbé ọ̀nà kan jáde: kí àgbẹ̀ gbin igi leucaena tàbí àgúnmáníyẹ̀ ní ìlà-ìlà, kó gbin àgbàdo sáàárín wọn, kó máa gé ẹ̀ka wọn fún ilẹ̀ àti fún ewúrẹ́. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lóko ìwádìí, àmọ́ àgbẹ̀ tó gbà á kò pọ̀. Àsìkò tí igi náà ń fẹ́ gígé ni oko ń fẹ́ ríro. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀: nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó yá ilẹ̀ dáko kì í sábà ní ẹ̀tọ́ láti gbin igi sórí rẹ̀, nítorí pé igi lè di ẹ̀rí pé òun ló ni ilẹ̀ náà. Èyí kan àwọn obìnrin gan-an, àwọn tó jẹ́ pé ilẹ̀ ọkọ tàbí ti ẹlòmíràn ni púpọ̀ nínú wọn ń lò.

Àìsàn náà ń kó ọ̀sìn lọ. Àrùn Newcastle lè pa adìẹ agbo ilé kan tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Àrùn PPR ń ṣe ewúrẹ́ àti àgùntàn bẹ́ẹ̀. NVRI, iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún PPR, ó sì ń ṣe I-2, òògùn àjẹsára tí wọ́n ń kán sójú adìẹ láti dènà Newcastle, tí kì í tètè bàjẹ́ nínú ooru. Ọ̀gbìn náà ní ọ̀tá tirẹ̀: lọ́dún 2016 ni kòkòrò fall armyworm, tí ó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ oko àgbàdo ní Nàìjíríà.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ ìwádìí

Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, ń kọ́ni ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yunifásítì Landmark ní Òmù-Àrán, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011. ARMTI, tó ń kọ́ni ní àbójútó oko àti ìgbèríko, wà ní Ìlọrin. NCAM, tó wà fún ẹ̀rọ oko, wà ní Ìdófìàn. Ìlọrin náà ni olú iléeṣẹ́ NSPRI wà, èyí tó ń ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìkórè. Àgbẹ̀ tó bá rí ibi tọ́jú àgbàdo sí láìjẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́ kò ní tà á lásìkò ìkórè tí owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀, ó sì lè rí èyí tó máa fi bọ́ adìẹ lẹ́ẹ̀rùn.