Ṣé òṣèré tí kò bá sunkún kò lè yege ní ọ́díṣọ̀n?

Ẹ bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ di òṣèré pé irú ọ̀rọ̀ àdásọ (ọ̀rọ̀ tí òṣèré kan ń dá sọ) wo ni wọ́n ń gbé lọ sí ọ́díṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré, wọn á ní èyí tó ní ẹkún nínú ni: ìyá tọ́mọ rẹ̀ kú, ìyàwó tọ́kọ rẹ̀ já jù sílẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá sunkún jù, tó lọgun jù, ló máa rọ́wọ́ mú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé ń wá nǹkan lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Konstantin Stanislavski, olùdarí eré orí ìtàgé, ará Rọ́ṣíà tó kú lọ́dún 1938, kọ́ àwọn òṣèré pé kí wọ́n má ṣe máa lé omijé kiri. Ohun tí ẹni inú eré ń fẹ́ ni kí wọ́n dì mú.

Ẹ wo Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ikú ti mú ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló bá ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Òṣèré tí kò bá ronú jinlẹ̀ á kàn lọgun látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Ìyálóde ń bá wí? Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló ń bá ṣẹjọ́, ohùn rẹ̀ kò lè rí bí ìgbà tó ń kìlọ̀ fún ẹrú tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣe é bí obìnrin tó ń sapá kí ẹrú má baà rí omijé òun, ọkàn àwọn tó ń wò yín á gbọgbẹ́ ju igbe lọ.

Torí náà, ẹ yan ipa tí ọjọ́ orí yín lè gbé, kí ọ̀rọ̀ àdásọ náà má sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ ka odindi eré náà, kì í ṣe ojú ewé yẹn nìkan. Ẹ má tẹjú mọ́ àwọn tó ń dán yín wò. Ẹ fojú inú gbé ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ibi tó ti ń bà jẹ́ jù ni àkọ́sórí. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ há sórí, láìfi ohùn kankan sí i, títí ẹ ó fi lè máa sọ ọ́ bí ẹ ti ń fọṣọ. Olùdarí sábà máa ń ní kí èèyàn tún un ṣe lọ́nà mìíràn: “Sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.” Ẹni tó ti há ẹkún pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kò ní mọ ibi tó máa gbé e gbà.