Bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń là á já nígbà tí àlejò ò wá mọ́

Nígbà tí ọrọ̀-ajé bá dẹnu kọlẹ̀, ìrìn-àjò afẹ́ wà lára ohun tí ìdílé kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú ìnáwó wọn. Kò sẹ́ni tó máa dín oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kù torí pé ó fẹ́ lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì etíkun. Ìdí nìyẹn tí ìlú tó ń tọwọ́ àlejò jẹun fi máa ń tètè mọ̀ ọ́n lára. Lọ́dún 2009, iye àwọn tó rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn jákèjádò ayé fi nǹkan bí 4% dín kù. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹrù náà ò wúwo bákan náà lórí gbogbo ìlú. Ní 2010, ìpínlẹ̀ Nevada, níbi tí Las Vegas wà, ni àìríṣẹ́ṣe ti pọ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, torí pé àlejò dín, iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà sì dáwọ́ dúró.

Ìṣòro yìí kì í pariwo wọlé. Yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sùn kò nílò ẹni tó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láàárọ̀. Obìnrin tó ń tún yàrá mẹ́rìnlá ṣe lóòjọ́ á dé ibi iṣẹ́, á bá méje. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ní kó máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta péré. Wọn ò lé e, nítorí náà kò sí lára àwọn tí wọ́n kà mọ́ aláìríṣẹ́, àmọ́ owó tó ń mú relé ti dín sí ìdajì. Lẹ́yìn náà ló máa kan alágbàfọ̀, awakọ̀ tó ń gbé èrò láti pápákọ̀ òfurufú, àti ẹni tó ń kó ẹja lọ fún ilé oúnjẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ń dúró de ìṣirò àìríṣẹ́ṣe kó tó ta pútú á pẹ́ kó tó mọ̀ pé iná ti ń jó. Iye yàrá tó ń kún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ibi tó ti le jù ni ti owó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àlejò tó bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì máa ń san owó orí lé owó yàrá, inú owó yìí sì ni wọ́n ti ń polówó ìlú. Ní Las Vegas, àjọ tó ń pe àlejò wá, tó tún ni gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá ibẹ̀, gbójú lé owó orí yàrá yìí gan-an. Bí àlejò bá wá dín, owó tí wọ́n ì bá fi pe àlejò náà dín nìyẹn, nígbà tí àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ ń pọ̀ sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ kò sì lè tẹ owó jáde. Ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ni òfin dè pé ìnáwó ọdún kò gbọ́dọ̀ ju owó tó ń wọlé lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìlú.

Èyí ló ń sún àwọn kan dé ibi tí wọ́n ti ń lé òṣìṣẹ́ tiwọn nígbà tí àìríṣẹ́ṣe ń gbóná. Ó ń dunni, torí ńṣe ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kún ohun tí wọ́n ní àwọn ń bá jà. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ pín ọjọ́ tí wọn ò ní gbowó láàárín ara wọn sàn ju kí a dá àwọn kan sẹ́yìn pátápátá lọ. Ìgbà ò lọ bí òréré. Ìlú tó bá ti ń tọ́jú díẹ̀ lára owó orí yàrá láti ìgbà tí àlejò ń ya wọlé kì í tètè dé ibi líléni.

Ìpolówó náà ní láti yí ojú padà, síbi tí àwọn tó lè fi mọ́tò dé láàárín wákàtí mélòó kan wà, torí àwọn yẹn kì í sábà dáwọ́ ìrìn-àjò dúró tán. Ní ti owó orí hòtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sún ọjọ́ sísan rẹ̀ síwájú fún ẹni tí kò lé òṣìṣẹ́ dára ju kí wọ́n kàn pa á rẹ́. Owó orí tí wọ́n pa rẹ́ kì í mú àlejò wá.

Ohun tó tún ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni iṣẹ́ tó ń fún aráàlú lówó lónìí, tó sì ń di ohun tí àlejò máa wá wò lọ́la. San Antonio, ní Texas, ṣe é. Ayàwòrán-ilé Robert Hugman ti ya àwòrán bí wọ́n ṣe máa tún etí odò àárín ìlú ṣe láti 1929, àmọ́ kò sówó. Ní 1938, àwọn tó ní ilẹ̀ nítòsí odò náà dìbò pé kí wọ́n gba owó orí lé àwọn lórí láti fi san $75,000 tí wọ́n máa yá fún iṣẹ́ náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ náà wá láti WPA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1935 láti fún aláìríṣẹ́ níṣẹ́, tó gba nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 èèyàn síṣẹ́ kó tó kógbá wọlé ní 1943. Torí pé àwòrán ti wà nílẹ̀, kò pẹ́ tí lẹ́bìrà fi débẹ̀. Láti 1939 sí 1941, wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, afárá, àti gbọ̀ngàn ìṣeré kan tí ìtàgé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan odò, tí ìjókòó òǹwòran sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Owó ọ̀yà tẹ àwọn lẹ́bìrà lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Àlejò ò yára bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, etí odò náà dá páropáro. Ìgbà tí ìlú náà gbàlejò ìpàtẹ àgbáyé HemisFair ní 1968, tí wọ́n fa odò náà gùn dé gbọ̀ngàn ìpàdé tuntun, ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀.