Ètò ìlera àdágbọ́ àti owó ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Gbólóhùn kan wà tí àwọn tó ń túmọ̀ ìwé òwò fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ní iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti sọ di bárakú, ó sì ń bí mi nínú: "ìdójútòfò ara-ẹni". Ètò ìlera tí agbanisíṣẹ́ kò rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò, tó jẹ́ pé àpò ara rẹ̀ ló fi ń san owó ilé ìwòsàn àwọn òṣìṣẹ́, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka "ara-ẹni" á rò pé òṣìṣẹ́ ló lọ ra ìdójútòfò fún ara rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ẹni tó dójú ti òfò kankan níbẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló gbà kí òfò jókòó sí ọrùn òun. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wá ọ̀rọ̀ rárá, "sẹ́ẹ́fù-ínṣọ̀", ìyẹn "self-insured" ti Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń kọ, bí ẹni pé èdè wa ò lẹ́nu.

Ètò ìlera àdágbọ́ ni mo ń pè é. Bùkátà là ń gbọ́, ẹni tí kò bá sì ní alájọgbọ́, ó ń dá a gbọ́ ni. Wọ́n ní àwọn kan lè rò pé etí là ń fi gbọ́ ọ. Ta ni yóò rí "ètò ìlera" níwájú ọ̀rọ̀, tí ọkàn rẹ̀ á lọ sí etí? Àwọn tó ní ká sọ pé "ètò ìlera àdáni" ló tilẹ̀ ṣìnà jù. Ohun tí kì í ṣe ti ìjọba là ń pè ní àdáni, bẹ́ẹ̀ ìjọba ìlú àti ti ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà ń ní ètò àdágbọ́ fún òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń san owó ìwádìí tó wà lórí rẹ̀, èyí tí mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìnáwó ṣàpẹẹrẹ. Ẹnì kan bá alásè ṣe àdéhùn pé iye báyìí ni abọ́ kan, ó san án, ó lọ wọ aṣọ rẹ̀. Bí ẹran wọ́n, bí ata wọ́n, ọrùn alásè ló wà. Ètò tí wọ́n rà lọ́wọ́ adójútòfò nìyẹn. Ẹlòmíràn fúnra rẹ̀ ra màlúù, ó ra ìrẹsì, ó wá san owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan fún alásè. Bí àlejò bá pọ̀ ju bó ti rò lọ, òun náà ni yóò tún sáré lọ sọ́jà. Àdágbọ́ nìyẹn. Alásè yìí ni iléeṣẹ́ tó ń bá agbanisíṣẹ́ tọ́jú ìwé: orúkọ rẹ̀ lè wà lára káàdì òṣìṣẹ́, àmọ́ owó agbanisíṣẹ́ ló ń ná. Bí ẹ̀gbọ́n olóde bá sì ṣèlérí pé bó bá kọjá iye kan òun á dá sí i, ìnáwó olóde ṣì ni. Nítorí náà, ìdójútòfò tí agbanisíṣẹ́ rà láti fi dènà ìnáwó àpọ̀jù kò yọ ètò rẹ̀ kúrò ní àdágbọ́.

Ibi tí orúkọ burúkú ti ń dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Òfin ìlera ọdún 2010 ló dá owó kan sílẹ̀ fún ìwádìí tó ń fi ìtọ́jú kan wé èkejì, kí aláìsàn lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù. PCORI ni àjọ tó ń náwó sí ìwádìí náà. Fún ètò tí wọ́n rà, adójútòfò ló ń san án. Fún àdágbọ́, agbanisíṣẹ́ ni, ẹni tó sì rò pé adójútòfò wà níbì kan tó ń bá òun san án kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn kan ń pè é ní "owó ìtanràn", àwọn tí kò ṣẹ̀ sí òfin sì ń bẹ̀rù. "Owó orí" sún mọ́ ọn, torí orí ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n owó orí lẹ́nu wa lónìí ń wo èrè, èyí kò wo èrè: ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ètò àdágbọ́ náà ń san án. Owó ìwádìí ló jẹ́.

Dọ́là 1 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ó yẹ kó parí ní 2019, àmọ́ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn fi ọdún mẹ́wàá kún un. Fún ètò tí ọdún rẹ̀ parí ní 31 oṣù Kejìlá 2024, dọ́là 3.47 ni. Fọ́ọ̀mù 720, ti ìdámẹ́rin kejì ọdún, ni wọ́n fi ń san án fún IRS, àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ó pẹ́ tán 31 oṣù Keje ọdún tó tẹ̀ lé e. Agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kó san án. Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé lè bá a kà, kò lè bá a san.

Ọkọ, aya àti ọmọ tí ètò náà bò wà nínú kíkà. Ọ̀nà mélòó kan ló wà, n kò ní gbogbo wọn í tò. Ká ní òṣìṣẹ́ 15 dá wọ ètò, 25 sì mú ẹbí wọn wọlé, tí iye náà kò yí padà jálẹ̀ ọdún. IRS gbà kí a sọ 25 yẹn di ìlọ́po 2.35, ìyẹn 58.75. Fi 15 kún un, ó di 73.75. Ní dọ́là 3.47, dọ́là 255.91 ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ra ìdójútòfò fún òṣìṣẹ́, tó tún ya owó sọ́tọ̀ láti máa dá owó ìtọ́jú padà fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní HRA, kí ó ṣọ́ra. Adójútòfò á san ti èyí tí wọ́n rà, àmọ́ HRA yẹn àdágbọ́ ni, agbanisíṣẹ́ ló sì ni owó ìwádìí tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ nìkan ni yóò kà níbẹ̀, kò ní ka aya àti ọmọ.