Ṣé Ààrẹ ni Ọ̀gá Gómìnà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Agbára Àbújá àti Ti Ìpínlẹ̀

Ṣé gómìnà wà lábẹ́ ààrẹ ni?

Rárá o. Ará ìlú ló dìbò yan àwọn méjèèjì, ìwé òfin ọdún 1999 kan náà ló sì fún kálukú wọn ní agbára tirẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni sójà àti ọlọ́pàá wà, Àbújá náà sì ni wọ́n ti ń pín owó lóṣooṣù. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á rò pé ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ ni wọ́n. Àmọ́ owó yẹn kì í ṣe ti ààrẹ. Àpò àpapọ̀ ni, abala 162 sì sọ pé ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló jọ ni ín.

Báwo la ṣe ń mọ ohun tó jẹ́ ti Àbújá àti ohun tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀?

Àkójọ méjì ló wà lẹ́yìn ìwé òfin náà. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ohun 68 ló wà nínú èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan: iṣẹ́ ológun, náírà, ọkọ̀ òfurufú, epo rọ̀bì, ọlọ́pàá. Èkejì jẹ́ àjọni. Bí òfin ìpínlẹ̀ bá tako ti ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ló ń lékè, bí òun náà kò bá ṣáà ti kọjá àyè rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí nìyí: ohun tí kò bá sí nínú àkójọ méjèèjì, ti ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ kò lè wí pé ìwé òfin ò ṣáà kọ̀ fún òun. Ìpínlẹ̀ Èkó ti jàǹfààní èyí léraléra. Wọ́n bá ìjọba àpapọ̀ ṣẹjọ́ lórí ẹni tó yẹ kó máa fọwọ́ sí àwòrán ilé kíkọ́, wọ́n jàre ní 2003. Ti òtẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n jàre ní 2013. Ti lọ́tìrì ló pẹ́ jù: 2008 ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó fagi lé òfin lọ́tìrì ọdún 2005, tí wọ́n ní olú-ìlú Àbújá nìkan ló ti lè múlẹ̀.

Bí ààrẹ bá wá kọjá àyè rẹ̀ ńkọ́?

Abala 232 fún ìpínlẹ̀ láyè láti gbé ìjọba àpapọ̀ lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ẹjọ́ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mowó ni ti ọdún 2004.

Nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba rẹ̀ fi 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 57. Wọ́n dìbò sí wọn ní oṣù kẹta 2004. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti kọ̀wé sí mínísítà ètò ìnáwó pé kó má san owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mọ́. Lẹ́tà kan péré! Inú owó yẹn sì ni owó oṣù òṣìṣẹ́ káńsù àti ti tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń wá.

Èkó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ wọn nígbà náà. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá 2004: ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó náà mú, nítorí kò sí ibi kankan nínú ìwé òfin tó ti fún un lágbára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò gbè sẹ́yìn Èkó tán. Wọ́n ní òfin tó dá káńsù 37 náà sílẹ̀ dára, àmọ́ kò tíì lè ṣiṣẹ́ títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìdájọ́ yìí jáde tán, owó náà ò tán lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìgbà tí Yar'Adua gorí àlééfà ní 2007 ni wọ́n tó san èyí tó kù. Ilé ẹjọ́ kò ní sójà. Bí ẹni tí ìdájọ́ dá lẹ́bi bá kọ etí ikún, ará ìlú ló ń jìyà rẹ̀.

Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá, ńkọ́? Ṣebí wọ́n ní kò bófin mu?

Mínísítà ètò ìdájọ́, Abubakar Malami, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mínísítà kì í ṣe ìdájọ́. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe òfin tiwọn lórí rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ohun tí wọn ò lè ṣe ni pé kí wọ́n dá ọlọ́pàá sílẹ̀, torí abala 214 kò gbà ju ẹyọ kan lọ.

Ṣé ààrẹ lè dá gómìnà dúró bí ìlú bá dàrú?

Abala 305 fún un láyè láti kéde ìjọba pàjáwìrì. Ẹ kà á látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tó ti mẹ́nu ba dídá gómìnà dúró. Iṣẹ́ yíyọ gómìnà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni abala 188 gbé e lé lọ́wọ́. Síbẹ̀, Ọbásanjọ́ ṣe é ní Plateau ní 2004, Tinúbú tó ti di ààrẹ náà ṣe é ní Rivers ní oṣù kẹta 2025, fún oṣù mẹ́fà. Jonathan kéde tirẹ̀ ní Borno, Yobe àti Adamawa ní 2013, kò fọwọ́ kan gómìnà kankan. Tirẹ̀ ni mo fara mọ́.

Káńsù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà?

Ìbéèrè tó ká àwọn gómìnà lára nìyí, torí ohun tí Àbújá ṣe fún Èkó ní 2004 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe fún alága káńsù. Ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ tààrà fún un. Ìjọba àpapọ̀ ló pe ẹjọ́ náà, ìpínlẹ̀ 36 ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Àmọ́ àwọn 774 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé òfin nìkan ni Àbújá mọ̀. Káńsù 37 ti Èkó ò sí níbẹ̀: nínú ohun tó bá kan Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ọ̀kan lára 20 àtijọ́, ni Èjìgbò àti Ìsọlọ̀ tí wọ́n yọ lára rẹ̀ ti ń rí tiwọn.