Eku Ọ̀sìn Kì í Ṣe Èkúté Inú Àjà

Bí ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston bá sọ pé eku lòun fẹ́ sìn, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ìyá rẹ̀ ni gọ́tà, àpò ìrẹsì tí wọ́n ti dá lu, àti ibà Lassa. Kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Òndó mọ ohun tí ibà yẹn ti ṣe. Àmọ́ àwa náà mọ̀ pé ìran eku pọ̀: ẹnì kan kì í pe asín ní òkété, bẹ́ẹ̀ ni ẹmọ́ kì í ṣe èlírí. Eku tó ń ba ìyá lẹ́rù yàtọ̀ sí eyí tí ọmọ ń béèrè.

Eku tó ń gbé ibà Lassa kiri ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé rẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa ń ba gààrí tí wọ́n sá síta jẹ́. Eku ọ̀sìn ní tirẹ̀, ìran Rattus norvegicus ni. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, apeku kan wà ní London tó ń jẹ́ Jack Black. Bó bá mú eku tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì, kì í pa á. Ó ń mú wọn bímọ, ó sì ń ta àwọn ọmọ náà fún ẹni tó bá fẹ́ sìn wọ́n. Ní 1901, obìnrin kan tó ń sin eku, Mary Douglas, bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin èkúté kéékèèké sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gba eku láyè níbi ìdíje wọn ní ìlú Aylesbury ní England. Ní 1976 ni wọ́n dá National Fancy Rat Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin eku ní Britain, sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, eku tó bá tutù ni wọ́n ń mú bímọ. Eyí tó bá ń gé èèyàn jẹ kì í sábà ní àrọ́mọdọ́mọ.

Nítorí náà, ẹ má lọ mú èkúté inú àjà kí ẹ ní ẹ fẹ́ tù ú lójú. Òkété pàápàá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó ti wù kó gbọ́n tó. Lóòótọ́, òkété kan tí wọ́n sọ ní Magawa, tí àjọ APOPO kọ́ ní Tanzania, fi imú wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ ní Cambodia, PDSA, àjọ tó ń tọ́jú ẹranko ní Britain, sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020. Ẹranko iṣẹ́ nìyẹn. Ní 2003, òkété àti àwọn eku mìíràn tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà láti tà gẹ́gẹ́ bí ọ̀sìn ló kó àrùn mpox ran àwọn ẹranko tí wọ́n ń pè ní prairie dog, àwọn yẹn sì kó o ran èèyàn. Ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà fòfin de kíkó eku ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀lú.

Ṣé eku ọ̀sìn ń rùn? Kéèjì ló ń rùn. Eku ń lá ara rẹ̀ bíi ti ológbò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń yan igun kan fún ìgbẹ́. Akọ ló sábà máa ń kán ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀ síbi tó bá gbà kọjá. Ẹ máa kó ohun tó tutù kúrò lójoojúmọ́, kí ẹ pààrọ̀ ohun tí ẹ tẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọ gbogbo nǹkan lọ́jọ́ kan náà. Bí òórùn ara wọn bá ti pòórá pátá, ṣe ni akọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ kiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Òórùn ìtọ̀ tó bá pẹ́ nínú kéèjì kì í bí imú èèyàn nìkan nínú, ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun eku. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ eku ọ̀sìn ló ti ní kòkòrò Mycoplasma pulmonis lára. Ó lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún oṣù púpọ̀, àfi bí òórùn ìtọ̀, eruku tàbí òtútù bá jí i. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi tẹ́ èérún igi kédárì tàbí ti páìnì tútù fún wọn: èéfín inú igi náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bébà tí wọ́n rún tàbí èérún igi aspen dára jù. Bí eku bá ń sín léraléra, tí mímí rẹ̀ ń dún, tàbí tí ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn àmì kan wà tí àwọn tí kò mọ eku máa ń ṣì túmọ̀. Omi pupa ojú àti imú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ figbe ta, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ kọ́, porphyrin ni, oje tí ẹṣẹ́ ẹ̀yìn ojú ń sun. Díẹ̀ lẹ́yìn oorun kò léwu, ẹ fi aṣọ tútù nù ún; bó bá ń ṣàn lójoojúmọ́, ara eku náà kò dá. Eyín rẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn kò dọ̀tí, irin tó wà lára eyín ló fà á. Ìrù tí kò ní irun ló fi ń tu ara rẹ̀ nítorí kì í làágùn. Ewu wà bí yàrá bá gbóná ju ìwọ̀n 30 Celsius lọ, 18 sí 24 ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Eku ojú pupa máa ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni fẹ́ fò mọ́ni. Kò ríran dáadáa ni, ó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Bó bá sì ń rin eyín, tí ẹyinjú rẹ̀ ń fò wọlé-jáde, inú rẹ̀ ló sábà máa ń dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà burú wò.

Ní ti gígé jẹ, ìka tí òórùn oúnjẹ wà lára rẹ̀, tí wọ́n tì bọ àárín irin kéèjì, ló sábà máa ń fa wàhálà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e láti abẹ́ àyà. Ẹ má fà á ní ìrù láé, awọ ìrù lè bó.

Kéèjì tó fẹ̀ ní 80 sẹ̀ǹtímítà, tó jìn ní 50, tó ga ní 80, tó fún eku méjì. Ibi tí orí ọmọ eku bá kọjá, ara rẹ̀ á kọjá, nítorí náà kí àlàfo àárín irin má ju sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lọ. Ilẹ̀ kéèjì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ wáyà lásán, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á dégbò. Wíìlì tó bá kéré sí 30 sẹ̀ǹtímítà á tẹ ẹ̀yìn wọn.

Ẹ má sin eku kan ṣoṣo. Méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì jẹ́ akọ-akọ tàbí abo-abo. Ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣì wọ́n dá mọ̀. Abo lè gba oyún láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, oyún náà á pé ní ọjọ́ 21 sí 23, ọmọ 10 lẹ́ẹ̀kan kò ṣàjèjì, ó sì lè tún gba òmíràn kí ọjọ́ tó bímọ tó yí po.

Oúnjẹ eku tí wọ́n ṣe ní kóró-kóró ni kí ẹ fún wọn, nǹkan bíi gíráàmù 15 sí 20 lóòjọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ àdàlù hóró ni, wọ́n á ṣa èyí tó lọ́ràá jẹ, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Eku kò lè bì, ohun tó mú kí májèlé eku ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nítorí náà ẹ má fún un ní ẹ̀wà tútù tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò.

Àrùn wà tí èèyàn lè kó lára wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ní 2017, wọ́n rí kòkòrò Seoul virus lára eku ọ̀sìn ní Amẹ́ríkà, àwọn kan tó ń sìn wọ́n sì kó o. Bakitéríà Streptobacillus moniliformis sì lè wà lẹ́nu eku tí ara rẹ̀ yá. Ọwọ́ fífọ̀ ni, kò sí fífi ẹnu kàn wọ́n, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún má sì bá wọn ṣeré. Bí ibà àti ìrora oríkèé bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí eku gé yín jẹ, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin eku, torí pé pẹnisílínì ń wo àrùn tí bakitéríà yìí ń fà, bí wọ́n bá tètè mọ̀.

Ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń lò láyé. Kí kókó sọ lọ́mú wọ́pọ̀ lára abo tó bá ti ń dàgbà, iṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́ sì lè wọ́n ju owó tí wọ́n fi ra eku lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló ń gba eku. Ẹ wá èyí tó ń gbà á kí ẹ tó sanwó fún ṣọ́ọ̀bù.