Ohun tí iná ń ṣe fún mílíìkì, àti ìdí tí òfin fi ń bèèrè rẹ̀

Obìnrin Fúlàní tó ń ṣe wàrà kì í kàn fi mílíìkì sílẹ̀ kó dì. Á gbé e kaná, á fún ewé bòmubòmu sínú omi díẹ̀, á sì da omi ewé náà sínú ìkòkò nígbà tí mílíìkì bá ti ń gbóná. Á máa rọra rò ó títí yóò fi hó, tí èyí tó dì yóò sì ya kúrò lára omi. Ìgbà náà ni yóò bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro dànù, agbọ̀n yẹn ló sì ń fún wàrà ní ìrísí tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sí tẹmómítà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí wolé-wolé tó dúró tì í. Síbẹ̀, ohun tí òfin mílíìkì ń béèrè lọ́pọ̀ ìlú káàkiri ayé ló ti ṣe: ó ti jẹ́ kí mílíìkì rí iná.

Ti nọ́nọ̀ yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í sè é rárá. Wọ́n á jẹ́ kó kan fúnra rẹ̀ nínú igbá, wọ́n á sì pò ó mọ́ fúrá. Kíkan tó kan máa ń dí àwọn kòkòrò àrùn kan lọ́wọ́, àmọ́ kì í pa gbogbo wọn.

Kòkòrò díẹ̀ ló máa ń wà nínú mílíìkì tó wà lọ́mú màlúù tí ara rẹ̀ le. Ìgbà tí wọ́n bá ń fún un ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Orí ilẹ̀ tí màlúù yàgbẹ́ sí náà ló ń sùn sí, ìgbẹ́ á gbẹ mọ́ ọmú rẹ̀, ìrù tó fi ń lé eṣinṣin á máa gbọn eruku sínú igbá. Kòkòrò bíi Salmonella, Campylobacter àti E. coli O157 lè wà nínú ìfun màlúù láìjẹ́ pé màlúù ọ̀hún ń ṣàìsàn. Mílíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kún fún oúnjẹ, ibi tí kòkòrò ti ń gbèrú gan-an nìyẹn. Bí ẹyọ kan bá ń di méjì ní ìṣẹ́jú 20, tí méjì ń di mẹ́rin, nígbà tí wákàtí 6 bá fi pé yóò ti lé ní 262,000. Àwọ̀ mílíìkì kò ní yí padà, òórùn rẹ̀ kò sì ní sọ nǹkan kan.

Èyí tí ìmọ́tótó kò ràn ni ti màlúù tí àrùn ti wà lára rẹ̀. Kòkòrò brucellosis, ibà kan tí ẹran ọ̀sìn ń kó ran ènìyàn, àti ti irú ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń ṣe màlúù ń bá mílíìkì jáde láti inú ọmú wá. Kí ẹni tó ń fún un fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibi tí àrùn wà kọ́ ló fọ̀ yẹn.

Erékùṣù Málítà ni ayé ti kọ́kọ́ rí èyí kedere. Ibà kan, tó jẹ́ brucellosis yìí gan-an, ń da àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ láàmú. Ní 1887, dókítà wọn kan, David Bruce, rí kòkòrò tó ń fà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé sí wọn lára. Ó di 1905 kí Themistocles Zammit, ọmọ bíbí Málítà, tó rí i lára àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n ń fún mílíìkì wọn mu. Ewúrẹ́ wọ̀nyí ń jẹ, wọ́n ń rìn, ara wọn ń dán. Ní 1906, wọ́n ka mílíìkì ewúrẹ́ léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ogun náà, ibà ọ̀hún sì já wálẹ̀ láàárín wọn.

Àrùn yìí kan náà wà ní Nàìjíríà. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, òógùn òru, oríkèé ríro àti àárẹ̀ tí kò lọ bọ̀rọ̀ ni àmì rẹ̀. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní sọ pé ibà ẹ̀fọn tàbí táífọ́ọ̀dù ni? Ènìyàn lè lo oògùn méjèèjì títí kí ẹnikẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ń mu nọ́nọ̀. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ náà kì í ṣe àhesọ: àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò rẹ̀ lára màlúù tí wọ́n pa ní Bódìjà, n'Ìbàdàn.

Nítorí pé ojú lásán kò lè rí i, òfin ní láti wá ọ̀nà mìíràn: kí wọ́n sè é dé ìwọ̀n ooru kan, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà sísè yìí ní pasteurization, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáìnì ló ń fi ṣe nígbà tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1860. Mílíìkì kò nílò kó hó: bó bá wà ní ìwọ̀n ooru 63°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó tó. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi díwọ̀n ooru ọ̀hún. Ní 1956, Amẹ́ríkà fi díẹ̀ kún un nítorí kòkòrò ibà Q, ibà mìíràn tí ẹran ọ̀sìn ń kó ran ènìyàn, tí iná ìṣáájú kò pa tán.

Nínú ilé-iṣẹ́, mílíìkì gbígbóná ń gba inú páìpù kan kọjá, gígùn páìpù yẹn ni wọ́n sì fi ń rí i dájú pé ìṣẹ́jú-àáyá 15 pé. Tẹmómítà wà ní òpin rẹ̀, fáàfù kan sì tẹ̀ lé e. Bí ooru bá fi lè já wálẹ̀, fáàfù yìí á yí ọ̀nà padà fúnra rẹ̀, mílíìkì náà á sì padà sínú táńkì tó ti wá. Kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ pé kó fojú fo tòní.

Wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Èròjà kan tó ń jẹ́ phosphatase wà nínú mílíìkì tútù, ìyẹn èyí tí wọn kò tíì sè. Kì í pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ooru tó ń run ún fi díẹ̀ ju èyí tó ń pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ. Wíwá kòkòrò ikọ́ fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí náà phosphatase ni wọ́n ń wá. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, mílíìkì ọ̀hún kò rí iná tó, tàbí kẹ̀, ẹnì kan ti da tútù mọ́ èyí tí wọ́n ti sè.

Ikú àwọn ọmọdé ló sọ èyí di òfin. Ní New York, oníṣòwò ńlá kan, Nathan Straus, bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ pèsè mílíìkì tí wọ́n ti sè fún ọmọ àwọn tálákà ní 1893. Chicago sọ ọ́ di dandan ní 1908. Ní 1924, àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ òfin àwòkọ́ṣe kan tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà lò, láti orí ìmọ́tótó ibùjẹ màlúù dé orí ọkọ̀ tó ń gbé mílíìkì. Láti 1987, wọn ò gbọdọ̀ gbé mílíìkì tí wọn kò sè kọjá ààlà ìpínlẹ̀ láti tà á fún mímu. Nínú ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òfin oníkálukú: ṣọ́ọ̀bù lè tà á ní California, àwọn ibòmíràn kò sì gbà á rárá. Scotland ti fòfin dè é láti 1983. Ní England, àgbẹ̀ lè tà á fún oníbàárà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ìkìlọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára ike rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn mílíìkì tútù ń sọ pé iná ń pa oore inú rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: fítámì C dín kù, àwọn fítámì B kan náà sì dín díẹ̀. Purotéènì àti kálísíọ̀mù tí a tìtorí wọn ń mu mílíìkì ṣì wà digbí. Àgbàlagbà lè yan èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kọ́ ló ń yan ohun tó ń mu, òun sì ni E. coli O157 lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ní March 2024, wọ́n rí àrùn lùkúlùkú ẹyẹ, H5N1, lára màlúù ní Amẹ́ríkà, ó sì pọ̀ jọjọ nínú mílíìkì wọn. Iná ń pa òun náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, NAFDAC ń mójú tó mílíìkì inú agolo àti páálí. Igbá nọ́nọ̀ tó wà lójú pópó, ọwọ́ wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ló wà, wolé-wolé kì í sì í gbé phosphatase rìn. Òfin wà, fáàfù ni kò sí.

Ìdí nìyí tí wàrà fi sàn ju nọ́nọ̀ lọ, títí dé wàgàsì, irú wàrà tí wọ́n ń fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa ní orílẹ̀-èdè Benin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bù ú, omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí, eṣinṣin àti oòrùn ọ̀sán lè tún kó kòkòrò bá a lẹ́yìn iná, nítorí náà ó yẹ kó tún rí iná kó tó dé ẹnu, ì báà jẹ́ nínú ọbẹ̀ tàbí nínú òróró. Ti nọ́nọ̀ náà kò nira. Kí mílíìkì kọ́kọ́ hó, kó tutù dé ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà, kí wọ́n wá bu nọ́nọ̀ àná díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì dé e. Yóò kan bó ṣe ń kan tẹ́lẹ̀, bí ti àná náà bá ṣáà ti rí iná.