Bí Erè Yín Bá Ń Sùn Nínú Omi

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, gbé erè rẹ̀ wá bá èmi dókítà ẹranko láti àdúgbò Under G. Inú ike ìrẹsì ńlá ló gbé e sí, ó ti lu ìdérí rẹ̀ ní ihò káàkiri. N kò tíì ṣí i tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ooru ló ń dà á láàmú. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí kò ti kúrò nínú abọ́ omi." Mo ní kó padà lọ gbé abọ́ omi náà wá, tòun ti omi inú rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tó gbé e dé, mo da omi náà sínú àwo funfun, mo ní kó wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ kóró tẹ̀tẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń fọ́n sórí ebè, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun tó wà níbẹ̀ rí: dúdú, kékeré, ó ń dán. Àmọ́ díẹ̀ nínú kóró wọ̀nyí ṣì ń ta ẹsẹ̀.

Máìtì ni. Ẹni tó bá sin adìẹ rí mọ yọ̀rọ̀ tó máa ń gun èèyàn lápá tó bá lọ kó ẹyin. Ìbátan rẹ̀ ni eléyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ejò ni tirẹ̀, ó sì máa ń mu ti alángbá nígbà mìíràn. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Ophionyssus natricis. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò gùn tó mílímítà kan ààbọ̀.

Ẹ má bi mí pé ta ló ń sin ejò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sin ín, àwọn tó ń ta àgúnmu lọ́jà sì ń fi í pe èrò. Erè kékeré tí Òyìnbó ń pè ní ball python, torí pé ó máa ń ká jọ roboto bíi bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á, ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Ọmọ ilẹ̀ wa níhìn-ín ni, láti Tógò, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kó o lọ tà fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Ejò tí máìtì ń mu kò lè ké, kò lè fi ẹsẹ̀ họra. Inú omi ló máa ń sá lọ, nítorí pé máìtì tó bá rì pẹ́ nínú omi á kú. Ṣùgbọ́n ejò kò lè ri orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má mí, orí náà ni àwọn tó kù á wá sá jọ sí. Ejò kò ní ìpéǹpéjú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹyinjú rẹ̀ ká ni wọ́n máa ń há sí, débi pé ẹ ó rò pé wọ́n lé tìróò fún un. Ẹ yẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wò, àti ihò ìdí rẹ̀. Bí ìpẹ́ kan bá gbé sókè díẹ̀ láàárín àwọn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo bóyá nǹkan funfun bí eérú bà sára rẹ̀, ìgbẹ́ máìtì nìyẹn.

Omi nìkan kò tó ẹ̀rí o. Ejò tó fẹ́ bọ́ awọ náà máa ń wọ omi, ojú rẹ̀ á sì ṣú. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, tí ètè gbogbo wa nílùú yìí bá ń là, erè tí nǹkan kan kò ṣe á fẹ́ rọ ara rẹ̀ lómi. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á mú aṣọ ìnujú funfun, mo á rẹ ẹ́ lómi díẹ̀, mo á fi di ọrùn ejò mú wẹ́rẹ́, mo á sì jẹ́ kó wọ́ gba inú rẹ̀ kọjá títí dé ìrù. Lẹ́yìn náà mo á tẹ́ aṣọ náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo á dúró fún ìṣẹ́jú kan. Èérí kì í rìn. Èyí tó bá rìn, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bó bá fọ́, tí pupa jáde, ẹ̀jẹ̀ ejò yín ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dójú rú fún àwọn tó ń sin ejò ni pé ohun tí ẹ rí lára ejò kọ́ ni gbogbo wọn. Ilé ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ìpele márùn-ún ni máìtì ń là kọjá láti ẹyin títí dé àgbà, méjì péré nínú wọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Bí abo bá ti mu yó, á sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára ejò, á wá ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù díẹ̀, níbẹ̀ ni yóò yé sí. Ó lè yé ẹyin 60 sí 90 kó tó kú. Nínú irú ooru tiwa yìí, ẹyin á pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ọmọ náà á sì di àgbà láàárín ọjọ́ 13 sí 19. Nítorí náà ẹni tó fi oògùn pa ara ejò lónìí, tó padà gbé e sínú àpótí àná, oúnjẹ ló gbé padà fún àwọn tó ń dúró.

Ojú mi ni mo fi rí i, ẹ̀bi mi sì ni. Bàbá kan tó ń ta àgúnmu gbé erè méjì wá. Mo tọ́jú wọn lẹ́ẹ̀mejì, ara wọn mọ́ nini, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà bàbá dé: "Dókítà, oògùn yín ò mà jẹ́ o." Mo gbé erè kan wò, máìtì ti tún yí ojú rẹ̀ ká. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bi wọ́n pé, "Bàbá, inú kí ni wọ́n ń sùn?" Wọ́n lọ gbé àpótí pákó kan wá, tí káfíńtà ti kàn tipẹ́tipẹ́, wọ́n tẹ́ àkísà sínú rẹ̀. Mo ki ọ̀bẹ bọ àárín pákó méjì, mo wọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó bá ọ̀bẹ jáde kún ṣíbí: ẹyin funfun, awọ tí wọ́n bọ́, àti àwọn alààyè tó ń sá kiri lórí irin. Ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gùn. Àpótí bàbá tó bí bàbá náà lọ́mọ ni, kò rọrùn fún wọn láti jẹ́ kí n sun ún, ṣùgbọ́n a sun ún. N kò gbowó lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, kí ẹ tó kan ejò. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ bébà, àkísà tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ dì í pa, ẹ lọ sun ún. Ike ló dára jù fún ejò tí ẹ ń tọ́jú, torí kò ní àlàfo tí máìtì lè há sí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú. Máìtì kò fara da ooru tó bá kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréètì, kò sì fẹ́ gbígbẹ. Bébà funfun lásán ni kí ẹ tẹ́ sí i, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bébà funfun ń fi wọ́n hàn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kan ejò. Ẹ fi í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí omi náà má kọjá ìdajì gíga ara rẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró tì í. Ẹ jẹ́ kó mu nínú rẹ̀ tó bá fẹ́. Ẹ fi òwú tí ẹ kán òróró díẹ̀ sí nu orí àti àyíká ojú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ lo oògùn, fipronil tí wọ́n ń fín sára ajá nítorí eégbọn, èyí tó jẹ́ 0.25%, ni mo máa ń fín sórí aṣọ, kì í ṣe sára ejò. Aṣọ náà ni mo á fi nù ún, mo á yẹra fún ojú àti ẹnu, mo á sì ṣan án kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo á tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, títí a ó fi lo oṣù kan tí aṣọ funfun kò mú nǹkan kan. Èyí tó kéré gan-an, tàbí tó ti rù, ẹ má dá oògùn sí i lára fúnra yín.

Ivermectin, oògùn mìíràn tó ń pa kòkòrò ara, náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òun ló ń bà mí lẹ́rù lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á fúnra wọn. Èyí tí wọ́n ń tà fún màlúù ní 10 mg nínú mílílítà kan. Ejò tó wọn kílò kan, 0.2 mg ló tó o, ìyẹn 0.02 ml, kò tó ẹ̀kán kan. Ẹni tó bá fa mílílítà kan sínú sìríńjì ti fún un ní ìlọ́po àádọ́ta. Bí ẹ bá sì ń sin ìjàpá pẹ̀lú ejò, ẹ má jẹ́ kí ivermectin kan án rárá, pípa ló ń pa á.

Òta-píà-píà ńkọ́? Ọmọ kan tẹ̀ mí láago ní alẹ́ pé òun fín in sínú ilé ejò òun torí máìtì. Nígbà tí mo débẹ̀, ejò náà ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ikùn rẹ̀ wà lókè, ó ń gbọ̀n láti orí dé ìrù, kò sì lè yí ara rẹ̀ padà. Kò rí ojúmọ́. DDVP, oògùn apakòkòrò tí wọ́n tún ń pè ní dichlorvos, ló wà nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, iṣan ara ló ń bà jẹ́, ó sì ń pa èèyàn náà. Ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré tó jẹ́ 100 ml.

Erè tí wọ́n mú láti oko, eégbọn ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Òun tóbi, ojú kan ló ń dúró sí, ó sì máa ń tẹ́ sábẹ́ ìpẹ́. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú nítòsí ẹnu, ẹ fà á jáde gbọọrọ. Ẹ má fi iná tàbí kẹrosíìnì kàn án.

Máìtì lè gun èèyàn, ibẹ̀ á lé, á sì máa yúnni, ṣùgbọ́n kò lè fi ara wa ṣe ilé. Ó ń gbé kòkòrò àìsàn láti ejò kan sí òmíràn, ẹ̀jẹ̀ tó sì ń mu lójoojúmọ́ lè pa èyí tó kéré. Bí ejò yín kò bá jẹun mọ́, tàbí tó ń la ẹnu mí, ẹ má dúró. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà ní Ìlọrin àti ní Ìbàdàn, Ìlọrin ló sì sún mọ́ wa jù.

Èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, yàrá mìíràn ni kí ẹ fi í sí fún oṣù méjì sí mẹ́ta, lórí bébà funfun. Èyí tó ti wà nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, àlejò ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́.